Ta Ni Yóò Ṣe Dẹ̀lílà?

Bíbélì kíkà: Àwọn Onídàájọ́ 16:1-21

Nígbà tí a ń pín ipa nínú eré Sámsónì tí ẹgbẹ́ wa ní Alákijà fẹ́ ṣe ní Ọjọ́ Àwọn Obìnrin, kíá la rí Fílístínì mẹ́fà. Dẹ̀lílà ni kò rí ẹni ṣe é. Ìyá kan tilẹ̀ sọ pé ọmọ òun kò ní ṣe aṣẹ́wó nínú ilé Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ kí a ka ibẹ̀ dáadáa. Aṣẹ́wó tó wà ní ẹsẹ 1, ará Gásà ni. Ẹsẹ 4 ni Dẹ̀lílà ti àfonífojì Sórékì tó wọlé, Bíbélì kò sì pè é ní aṣẹ́wó. Àwa la fún un lórúkọ yẹn. Ohun tí a kọ nípa rẹ̀ ni owó: 1,100 fàdákà láti ọwọ́ ìjòyè kọ̀ọ̀kan.

Camille Saint-Saëns, ará Faransé, fi ìtàn yìí ṣe eré olórin tí à ń pè ní ọ́pẹ́rà. Nínú tirẹ̀, Dẹ̀lílà kọ owó. Ẹ̀san ló ń wá. (Ti Bíbélì ni àwa gbà. A mọ ohun tí owó ń ṣe.) Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1877, ilé Ọ́pẹ́rà Paris kò ṣe é títí di 1892. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn kò gbà kí wọ́n fi ìtàn Bíbélì ṣeré orí ìtàgé, nítorí náà 1909 ni wọ́n tó ṣe é níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ eré.

Ní Èkó wa ńkọ́? Ní 1944, Hubert Ogunde, ọlọ́pàá tó ti ṣe tíṣà rí, gbé eré olórin kan jáde ní Glover Memorial Hall, lórí Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run. Ìjọ Church of the Lord ní Ẹbúté Mẹ́tta ló ní kó ṣe é, kí wọ́n lè rí owó kọ́ ilé ìsìn. Ẹ ò rí i pé Ádámù àti Éfà bá wọn ra bíríkì! Ṣùgbọ́n nígbà tó fi eré ṣe iṣẹ́ jẹun, àwọn obìnrin kò fẹ́ kí wọ́n pe àwọn ní eléré. Akọ̀wé obìnrin ló polówó nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá, kó tó rí wọn.

Ipa Dẹ̀lílà ṣì ṣófo. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó ka orí 16 láti ẹsẹ 1 kó tó wá rí wa lẹ́yìn ìsìn. Kí ìyá tó kọ̀ fún ọmọ rẹ̀ náà jọ̀wọ́ bá wa kà á.