Ẹ̀kọ́: Oyin Tí Ń Dá Ilé Rẹ̀ Gbẹ́

Ète Ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ rírì ìyá tí ń dá tọ́ ọmọ, kí a sì mọ ojúṣe wa sí i.

Ẹ̀yin ìyá wa, bí a bá ti gbọ́ orúkọ oyin, ọ̀pọ̀ oyin tí ó jọ ń gbé ilé kan lábẹ́ ọbabìnrin ni ó ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ jù lọ nínú irú oyin tí ó wà láyé kì í gbé bẹ́ẹ̀. Abo kọ̀ọ̀kan ni ó ń dá ilé tirẹ̀ ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ni Amegilla dawsoni, ti ilẹ̀ gbígbẹ ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà.

1. Iṣẹ́ rẹ̀: Ilẹ̀ amọ̀ líle ni ó ń gbẹ́. Ara rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 àti díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ lè jìn tó sẹ̀ǹtímítà 35. Akọ kì í bá a gbẹ́ ilẹ̀, kì í sì í bá a wá oúnjẹ ọmọ.

2. Ìpèsè rẹ̀: Nísàlẹ̀ ihò náà, a ṣe yàrá kékeré, a sì fi ohun bí ìda láti ara rẹ̀ rẹ́ ẹ nínú. A fò lọ fò bọ̀ láti orí òdòdó, a po omi dídùn àti lẹ́búlẹ́bú òdòdó pọ̀ títí yóò fi rí bí ògì. A yé ẹyin kan ṣoṣo síbẹ̀, a sì fi amọ̀ dí i pa. Oúnjẹ yìí nìkan ni ọmọ yóò jẹ títí yóò fi dàgbà. Bí ó bá kéré, ọmọ náà yóò kéré títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

3. Òpin rẹ̀: Bí àsìkò bá parí, ìyá a kú. Ọmọ a wà nínú ilẹ̀ di ọdún mìíràn kí ó tó jáde. Wọn kì í rí ara wọn.

Ohun tí a rí kọ́: Ihò tó 10,000 lè wà lójú kan, síbẹ̀ kálukú ń gbé ẹrù tirẹ̀. Bí a ti dá oyin nìyẹn. A kò dá àwa bẹ́ẹ̀. Opó tí ń dá san owó ilé-ìwé lè jókòó láàárín wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a máa yìn ín pé alágbára ni, kí ẹnikẹ́ni má bi í ohun tí ó kù fún un. Ìyìn kì í kún ìkòkò. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò
(a) Kí ni ó ń mú kí ìyá tí ń dá gbọ́ bùkátà dákẹ́ láàárín ẹgbẹ́?
(b) Láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí ni a lè ṣe kí ọjọ́ ìwọlé àwọn ọmọ tó dé?