Òjò Ṣú, Òjò Rọ̀: Ohun tí Sátẹ́láìtì ń Rí
Òjò lè ṣú kó má rọ̀. Bí ẹni tó ń túmọ̀ ìròyìn ojú ọjọ́ bá fi ọ̀kan pe èkejì, ẹni tó sá èlùbọ́ ló máa jìyà ẹ̀.

Meteosat, sátẹ́láìtì ilẹ̀ Yúróòpù, wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè. Orí ìkùukùu ló ń rí: èyí tó ṣú lójú tiwa, funfun ni nínú àwòrán tirẹ̀ (ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù). Ó tún ń wọn bí orí náà ṣe tutù tó. Bó bá tutù gidigidi, ìkùukùu náà ga, òjò ńlá sì lè rọ̀.

Ìjì òjò wa sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá. Bí àwòrán bá fi í hàn lórí Ogbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀yọ́ ṣì lè ráyè kó èlùbọ́ wọlé.