Òógùn, Oògùn, Oorun, Oòrùn

"E kaasan ma, oogun yii ti po ju fun mi. Mo si n laagun ninu oorun."

Ká ní ẹnìkan ní Baṣọ̀run, nílùú Ìbàdàn, fi irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀. Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Ṣé oògùn tí wọ́n fún un ló pọ̀ jù ni, àbí òógùn ló ń dà bò ó? Ṣé inú oòrùn ọ̀sán gangan ló ti ń làágùn lójú ọ̀nà Akóbò, àbí orí bẹ́ẹ̀dì, nínú oorun? Ẹni tó làágùn nínú oòrùn kò ṣe ohun tuntun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń làágùn nínú oorun lálaalẹ́, tí aṣọ ìbora rẹ̀ ń tutù rinrin, ó yẹ kó tètè rí dókítà.

Ẹnu kì í ṣi àwọn ọ̀rọ̀ yìí pè. Ọwọ́ tó ń kọ wọ́n sílẹ̀ ló ń dà wọ́n pọ̀. Òógùn, tó ń jáde lára, dò-mí-dò ni. Oògùn, tí à ń lò fún àìsàn, re-dò-dò ni. Oorun tí à ń sùn, re-re-re. Oòrùn tó ń ràn, re-dò-dò. Òórùn, tí imú ń gbọ́, náà wà níbẹ̀: dò-mí-dò ni òun pẹ̀lú.

Nínú ìwé àtijọ́, fáwẹ́lì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ, wọ́n á wá fi àmì fàágùn lé e lórí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti Yunifásítì Ìbàdàn gbé ìwé jáde lórí àkọtọ́ Yorùbá ní 1965. Nígbà tó di 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò lónìí, tó ní ká kọ fáwẹ́lì méjèèjì síta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba àmì tirẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà, làágùn, ọ̀rọ̀ kan ni. "Là á gùn" kò tọ̀nà.

Ẹ tún fi ìyàtọ̀ sáàárín "ooru ń mú mi" àti "ara mi gbóná". Ojú ọjọ́ ni ti àkọ́kọ́. Bí aláìsàn bá sọ èkejì, ibà ni dókítà máa kọ́kọ́ wá lọ sára rẹ̀.

Ìyìn ni òógùn sábà máa ń jẹ́ lẹ́nu wa. Owó òógùn ojú ni owó tí èèyàn ṣiṣẹ́ fún. Bí ọ̀gá kò bá san owó iṣẹ́, a ó ní ó jẹ òógùn ojú ọmọọṣẹ́ rẹ̀. Bóyá ìdí nìyí tí a kì í fi í ka òógùn àpọ̀jù sí àìsàn. Ọmọ iléèwé tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń rin ìwé ìdánwò gbingbin, ẹ̀rù ni wọ́n máa ń sọ pé ó ń bà á. Àwọn mìíràn á ní ọ̀bùn ni, bẹ́ẹ̀ òógùn kì í ṣe òórùn. Òógùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Kòkòrò àìfojúrí tó wà lára awọ ló ń sọ ọ́ di òórùn abíyá.

Hyperhidrosis ni àwọn dókítà ń pe àìsàn òógùn àpọ̀jù. Bí a ti ń sọ àjẹjù àti àmujù, kò sí ohun tó ní ká má sọ àlàágùnjù. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó lè ti inú ẹbí wá sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó pé ọmọ ọdún 25. Àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, abíyá tàbí ojú ló máa ń mú, lọ́tùn-ún lósì, ó sì máa ń dáwọ́ dúró bí ẹni náà bá sùn. Oríṣi kejì ní ohun mìíràn nídìí: ibà, ikọ́ ife, àrùn gẹ̀gẹ̀, kí ṣúgà ara já wálẹ̀, kí nǹkan oṣù obìnrin máa kásẹ̀ nílẹ̀, tàbí oògùn kan tí èèyàn ń lò. Òun ló máa ń jí èèyàn lóru.

Láti mọ ibi tí òógùn ti ń yọ, dókítà lè fi ayodíìnì pa abíyá, kó jẹ́ kó gbẹ, kó wá bu ìyẹ̀fun sítáàṣì lé e. Ibi tí òógùn bá ti yọ yóò dúdú lójú ẹsẹ̀. Ìtọ́jú sì wà. Oògùn ìpara tó ní aluminium chloride ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀: èèyàn á fi pa awọ tó gbẹ dáadáa bó bá fẹ́ sùn, á sì fọ̀ ọ́ kúrò láàárọ̀. Bí ìyẹn kò bá ràn án, abẹ́rẹ́ Botox wà, èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún abíyá ní 2004. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Iṣẹ́ abẹ ló kẹ́yìn, nítorí ó lè lé òógùn kúrò lọ́wọ́ kó máa yọ lẹ́yìn àti níkùn. UCH, ọsibítù ńlá tó wà n'Ìbàdàn, ní àwọn dókítà awọ ara tí èèyàn lè bá sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bí ẹ bá ń kọ̀wé sí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Bí fóònù yín kò bá ní àmì, ẹ fi ọ̀rọ̀ kún un: "oogun ti mo n lo", "laagun loru nigba ti mo sun". Bí òógùn òru bá sì pàdé ikọ́ tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ife. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù ìjọba.