CGPA: Láti Ọdún Kìíní Ni Kí O Ti Máa Ṣírò Rẹ̀

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò mọ yunifásítì, síbẹ̀ n kò rí òwe mìíràn tó bá ọ̀rọ̀ CGPA mu tó o. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá wọ ọdún kẹrin ni wọ́n tó ń wá ẹni tó máa bá wọn ṣírò ohun tó kù kí wọ́n lè jáde pẹ̀lú 2:1. Wọ́n á mú bírò, wọ́n á mú ìwé, wọ́n á ṣírò títí, wọn á wá rí i pé bí wọ́n tilẹ̀ gba A nínú gbogbo kọ́ọ̀sì tó ṣẹ́kù, ọwọ́ wọn kò ní tó o mọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe olódo. Kò sẹ́ni tó pè é jókòó ní ọdún kìíní kó ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ fún un ni.

Ìṣirò náà kò le. Ọmọ tó bá ti mọ ìlọ́po àti pínpín láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé e ni pé ìka kò dọ́gba. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ló ní yúnìtì tirẹ̀: òmíràn jẹ́ 1, òmíràn 2, òmíràn 3, àwọn mìíràn sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà, máàkì 70 sókè ni A, póìntì 5 ló sì ń mú wá. Láti 60 sí 69 jẹ́ B, póìntì 4. 50 sí 59 jẹ́ C, póìntì 3. 45 sí 49 jẹ́ D, póìntì 2. 40 sí 44 jẹ́ E, póìntì 1. Èyí tí kò bá tó 40, F ni, òfo ni F sì ń mú wá. Mú yúnìtì kọ́ọ̀sì, fi póìntì tí o gbà sọ ọ́ di ìlọ́po. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo kọ́ọ̀sì tí o ṣe ní sáà náà, ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí o wá pín in sí iye yúnìtì tí o forúkọ sílẹ̀ fún. Òun ni GPA sáà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, ká pe orúkọ rẹ̀ ní Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọdún kìíní ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì. Ó gba 72 nínú ìṣirò, 71 nínú kẹ́mísírì. Yúnìtì 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, A ni méjèèjì: 15 àti 15. Ó gba 62 nínú físíìsì, 68 nínú bàólọ́jì. Yúnìtì 3 ni àwọn náà, B ni méjèèjì: 12 àti 12. Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò méjì wà tó jẹ́ yúnìtì 1 lọ́kọ̀ọ̀kan; ó gba A nínú ọ̀kan, B nínú èkejì: 5 àti 4. Ó wá ku GST, kọ́ọ̀sì èdè Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe, yúnìtì 2. Àbẹ̀kẹ́ kò kà á sí. Ó ní sáyẹ́ǹsì lòun wá kọ́. Máàkì 38 ló gbà níbẹ̀: F, òfo. Àpapọ̀ ohun tó kó wálé jẹ́ 63, yúnìtì tó forúkọ sílẹ̀ fún sì jẹ́ 16. Pín 63 sí ọ̀nà 16, 3.94 ni yóò fún ọ.

Òbí tó bá rí 3.94 lè máa yọ̀, nítorí ó wà láàárín 2:1. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí GST yẹn gbé lọ. Ká ní Àbẹ̀kẹ́ gba 70 níbẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ ì bá jẹ́ 73, GPA rẹ̀ ì bá sì jẹ́ 4.56, tí í ṣe First Class. Ká tiẹ̀ ní 50 péré ló gbà, 4.31 ni ì bá ní. Gbogbo òru tó fi ka kẹ́mísírì kò sọnù, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀sì tí kò náání ló sọ ibi tó jókòó sí. Ó dùn mí pé láàárín àwọn ọmọ tó lọ́pọlọ dáadáa ni àṣìṣe yìí ti wọ́pọ̀ jù. GST kò gba agbára púpọ̀. Àkókò díẹ̀ ló ń béèrè, àti kíka ìwé rẹ̀ kí ìdánwò tó ku ọ̀la.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹni tó gba F yóò padà wá ṣe kọ́ọ̀sì náà, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní carry-over. Ọ̀pọ̀ wọn rò pé bí àwọn bá ti yege lẹ́ẹ̀kejì, F àkọ́kọ́ ti pa rẹ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa. F náà wà níbẹ̀, yúnìtì rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n á sì tún ka yúnìtì ẹlẹ́ẹ̀kejì mọ́ ọn. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá padà ṣe GST tó sì gba A, yúnìtì 4 ni yóò ti ná lórí rẹ̀, póìntì 10 péré ni yóò sì kó bọ̀. Ìyẹn ni pé 2.5 ni yúnìtì kọ̀ọ̀kan mú wá fún ẹni tó gba A! Bákan náà ni kọ́ọ̀sì tí o forúkọ sílẹ̀ fún tí o kò sì lọ kọ ìdánwò rẹ̀: bí o kò bá gba àyè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, òfo ni wọn yóò kọ fún ọ, yúnìtì rẹ̀ yóò sì wà nínú ohun tí wọ́n fi ń pín. Bí o bá mọ̀ pé o kò ní í ṣe kọ́ọ̀sì kan tí kò pọn dandan, yọ ọ́ kúrò nínú fọ́ọ̀mù kí àkókò àtúnṣe ìforúkọsílẹ̀ tó kọjá.

CGPA yàtọ̀ díẹ̀ sí GPA. Ti sáà kan ṣoṣo ni GPA. CGPA ló ń kó gbogbo sáà tí o ti lò pọ̀. Ibí yìí ni àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù. Ọmọ á ro GPA sáà méjì pọ̀, á pín in sí méjì, á ní òun ti rí CGPA òun. Bí obìnrin kan bá ra gaàrí kòńgò 1 ní ₦1,000, tó tún ra kòńgò 3 ní ₦800 lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní sọ pé ₦900 ni òun ra kòńgò kan. Ó mọ̀ pé ₦3,400 lòun ná lórí kòńgò 4, ₦850 sì ni kòńgò kan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni CGPA. Ní sáà kejì, Àbẹ̀kẹ́ ṣe yúnìtì 24, ó kó póìntì 74 bọ̀: GPA 3.08. Bó bá ro 3.94 àti 3.08 pọ̀ tó pín in sí méjì, yóò rí 3.51, yóò sì fi ọkàn balẹ̀ pé 2:1 ṣì ń bẹ lọ́wọ́ òun. Irọ́ ni. Póìntì 63 àti 74 jẹ́ 137. Yúnìtì 16 àti 24 jẹ́ 40. Pín 137 sí ọ̀nà 40, 3.43 ni. Ó ti bọ́ sí 2:2, kò sì mọ̀.

Nítorí ní òṣùwọ̀n 5 yìí, 4.50 sókè ni First Class, 3.50 sí 4.49 ni 2:1, 2.40 sí 3.49 ni 2:2, 1.50 sí 2.39 sì ni Third Class. Àwọn oníṣègùn àti oníṣègùn eyín kò sí nínú èyí. Wọn kì í pín oyè tiwọn sí kíláàsì báyìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ìrókò wa. Ká sọ pé ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin kan jẹ́ yúnìtì 160, tí ọdún kọ̀ọ̀kan jẹ́ 40. Ẹni tó bá fẹ́ 3.50 gbọ́dọ̀ kó póìntì 560 jọ kó tó jáde. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí ọdún kìíní pẹ̀lú 2.60, póìntì 104 ló ti ní. Ó ku 456 tí yóò wá nínú yúnìtì 120, ìyẹn 3.80 láti ìsinsìnyí lọ. Iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ lè tó o: kó máa gba B lọ, kó fi C díẹ̀ sí i. Wàyí o, ká ní ìparí ọdún kẹta ló tó jí sí 2.60 kan náà. Póìntì 312 ló ní, ó ku 248 tí yóò wá nínú yúnìtì 40 péré. Ìyẹn jẹ́ 6.20 lórí yúnìtì kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ 5 ni òkè pátápátá. Bó gba A nínú ohun gbogbo, 3.20 ni yóò fi jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ kan náà, làákàyè kan náà, àsìkò tó jí ló yàtọ̀. Ẹni tó wà ní 3.20 lẹ́yìn ọdún kẹta ṣì lè dé 3.50, ṣùgbọ́n 4.40 ni yóò máa gbà ní gbogbo ọdún ìkẹyìn.

Kí ẹni tó wà lókè náà má sì sùn. Ẹni tó ní 4.60 lẹ́yìn yúnìtì 120 ti kó 552 jọ. Bó bá rọra ṣe ọdún ìkẹyìn rẹ̀ ní 4.00, tí í ṣe èsì tó dára, 712 ni yóò fi parí, CGPA rẹ̀ yóò sì jẹ́ 4.45. First Class ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn. Nínú ìṣirò yìí, 70 àti 95 kò yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n 69 àti 70 yàtọ̀ gidigidi: ní kọ́ọ̀sì oní-yúnìtì 3, máàkì kan yẹn jẹ́ póìntì 3. Ẹni tó bá ti dá a lójú pé òun yóò gba 85 nínú kọ́ọ̀sì kan, kó gbé wákàtí tó kù lọ síbi tí 58 tàbí 67 ti ń dúró dè é. N kò sọ pé ká má wá ìmọ̀ jinlẹ̀. Mò ń sọ bí a ṣe ń pín agbára ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Kí ó sì má fojú kéré ìdánwò àárín sáà àti iṣẹ́ àmúrelé. Níbi tí wọ́n bá ti fi 30 sí ìyẹn, tí wọ́n fi 70 sí ìdánwò ńlá, ẹni tó kó 28 wọlé ń wá 42 nínú 70 kó tó gba A. Ẹni tó kó 10 wọlé ń wá 60. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Iye kan kò ní ìtumọ̀ àfi bí a bá mọ òṣùwọ̀n tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní àwọn poli wa, òṣùwọ̀n 4 ni wọ́n ń lò: 3.50 sókè ni Distinction, 3.00 sí 3.49 ni Upper Credit, 2.50 sí 2.99 ni Lower Credit. Nítorí náà, òbí tó ní ọmọ kan ní poli àti òmíràn ní yunifásítì, tí àwọn méjèèjì mú 3.50 wálé, kó mọ̀ pé ọmọ poli ti wọ ipò tó ga jù, èkejì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà 2:1. Yunifásítì Ìbàdàn lo òṣùwọ̀n 7 fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó jáde níbẹ̀ nígbà náà pẹ̀lú 5.0 kò gba First Class, 2:1 ló gbà. Bí ẹ bá ń gba ènìyàn síṣẹ́, ẹ wo èyí kí ẹ tó fi ìwé méjì wé ara wọn.

Fún ẹni tó ń wá ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, níbi tí A ti jẹ́ 4, má ṣe dá ìyípadà CGPA rẹ ṣe fúnra rẹ. Àwọn kan á pín tiwọn sí 5, wọ́n á fi 4 sọ ọ́ di ìlọ́po, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Àwọn àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí òkèèrè, bíi WES, lè yẹ kọ́ọ̀sì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì gbé e lé òṣùwọ̀n tiwọn. Àwọn yunifásítì kan sì ní kí o kọ ọ́ bó ṣe wà nílé, kí o sọ pé nínú 5 ni. Rí i dájú pé àlàyé òṣùwọ̀n ilé-ẹ̀kọ́ rẹ bá ìwé èsì náà lọ, nítorí máàkì 72 tó jẹ́ A nílé wa lè dà bí C lójú ẹni tó mọ tiwọn nìkan.

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Má ṣe fi ìṣirò yìí sílẹ̀ fún ẹ̀ka rẹ nìkan. Ra ìwé àjákọ kan, kọ kọ́ọ̀sì, yúnìtì, máàkì àti póìntì sínú rẹ̀ ní gbogbo sáà, kí o fi tìrẹ wé tiwọn. Èsì máa ń sọnù, a sì máa ń kọ òfo sí ibi tí ọmọ ti kọ ìdánwò. Ẹni tó tètè rí i á kọ lẹ́tà, á fi ẹ̀rí hàn, wọ́n á sì tún un ṣe. Ẹni tó rí i ní ọdún kẹrin lè má bá olùkọ́ náà níbẹ̀ mọ́. Ka ìwé ìlànà ẹ̀ka rẹ pẹ̀lú, nítorí òfin ilé-ẹ̀kọ́ kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn. Bí ohun kan kò bá yé ọ, tọ olùdámọ̀ràn ẹ̀ka rẹ lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde kí ẹ tó béèrè. Ní ìparí sáà àkọ́kọ́ gan-an, ẹ ní kí ọmọ yín jókòó, kó ṣírò tirẹ̀ lójú yín. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ọ̀rọ̀ ìdánwò wà lọ́wọ́ yín ní ẹ̀ka gbogbo, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ kí èsì sáà kan máa jáde kí àwọn ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ fún sáà tó tẹ̀ lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí èsì rẹ̀ kò lè ṣírò ohunkóhun.