Ọ̀gá Tó Fẹ̀yìntì: Ohun Tó Yẹ àti Ohun Tí Kò Yẹ

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1979, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ìjọba Nàìjíríà lé Alhaji Shehu Shagari lọ́wọ́. Kò sí ológun tó fínnú-fíndọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ rí nílẹ̀ wa ṣáájú rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, ó kọrí sí Ọ̀tà, ó lọ dáko. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń fẹ̀yìntì ní àwọn iléeṣẹ́ Sango, Ọ̀tà àti Agbára, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ rántí ohun tó wù yín kí ipò tó dé. Àgbẹ̀ ni bàbá Ọbásanjọ́ ní Ìbògùn. Ohun tó bá nílé ló padà sí. Ta ni yín kí wọ́n tó fún yín ní ọ́fíìsì àti dírẹ́bà? Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbà láti tún di akẹ́kọ̀ọ́. Èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Bí àrùn bá wọ ilé adìyẹ lóko, kò ní wojú ẹni tó ti pàṣẹ fún odidi orílẹ̀-èdè. Ọmọ tó ń bu omi fún àwọn adìyẹ ló mọ èyí tó kọ́kọ́ kọ oúnjẹ. Ẹ bi í léèrè. Nígbà tí Ọbásanjọ́, tó padà wá di ààrẹ, tún kúrò nípò ní 2007, ó wọ National Open University (NOUN), ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní 2018. Ẹni nǹkan bí ọgọ́rin ọdún, tó ti darí ìlú lẹ́ẹ̀mejì, ń gbé iṣẹ́ lọ fún olùkọ́ kó bá a yẹ̀ ẹ́ wò!

Ẹ má máa yà ní iléeṣẹ́ àtijọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó máa ń sáré ṣí géètì fún yín yóò béèrè orúkọ yín, yóò sì na ìwé àlejò sí yín pẹ̀lú bírò tí wọ́n fi òwú so mọ́ ọn. Kò rí yín fín o, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Ẹ má kánjú wá àga mìíràn. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tó gbé ìjọba sílẹ̀, ní 1988, ni Ọbásanjọ́ dá Africa Leadership Forum sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Ṣáájú ìyẹn, ó ti kọ ìwé *My Command* lórí ogun abẹ́lé, ó sì ti tẹ̀ lé ìgbìmọ̀ Commonwealth lọ sí Gúúsù Áfíríkà ní 1986.

Ẹ ka ìwé owó ìfẹ̀yìntì yín kí ọjọ́ tó pé. Òfin ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, kí agbanisíṣẹ́ dá 10. Ẹ wò ó bóyá wọ́n san án pé. Ẹ má sì fi owó àkọ́gbà ra jíìpù.

Ẹ má sọ ilé di ọ́fíìsì. Ìyàwó yín ti ń ṣètò ilé yẹn láti ìgbà tí ẹ ti ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sango. Kò nílò máníjà.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pín àkókò yín láìbi yín. Ó ń dùn mí gan-an. Bí ọkùnrin bá fẹ̀yìntì, wọ́n á ní kó sinmi. Bí obìnrin tó darí igba òṣìṣẹ́ bá fẹ̀yìntì, ọmọ mẹ́ta á ti máa du ẹni tí yóò bá wọn tọ́jú ọmọ. Ọmọ-ọmọ dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ óò wá.

Ẹ má panu mọ́ bí ọ̀ràn bá tóbi. Ọbásanjọ́ kọ lẹ́tà ní gbangba sí Ààrẹ Jonathan ní 2013, àti sí Ààrẹ Buhari ní 2018. Àwọn kan bínú. Èmi fara mọ́ ọn. Àmọ́ bí ẹni tó gbapò yín bá yí àga padà, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ wá ọmọ iṣẹ́ kan. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún gbọ́ ìró ẹ̀rọ mọ ìgbà tí ó fẹ́ bàjẹ́ kí èéfín tó jáde. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Ojú-Ọrẹ ní Ọ̀tà, kí ẹ kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá ọmọ náà.