Ìtọ́jú Òdòdó Inú Ìkòkò

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yín tàbí iwájú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Bóyá ẹ ó rí ọjá ìkookò níbẹ̀. Ìkookò inú igbó ni ó ni orúkọ yìí o, kì í ṣe ìkòkò tí a gbìn ín sí! Ewé rẹ̀ gùn, ó nípọn, ó sì dúró ṣánṣán bí idà. Inú igbó ilẹ̀ wa ni ó ti ń hù kí a tó sọ ọ́ di òdòdó inú ilé.

Ní àkókò ọyẹ́, eruku a máa bo ewé rẹ̀. Kì í ṣe ẹwà rẹ̀ nìkan ni eruku ń bà jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ni ewé fi ń ṣe oúnjẹ. Bí eruku bá dí i, ebi yóò máa pa òdòdó náà. Ẹ rẹ àkísà rírọ̀ sínú omi, ẹ fún un, kí ẹ fi nu ewé náà láti ìdí dé orí. Ẹ fi ọwọ́ kejì gbé e ró kí ó má baà ṣẹ́. Ẹ má ṣe fi epo pa á kí ó lè máa dán, nítorí eruku tuntun yóò lẹ̀ mọ́ epo náà. Ẹ yẹ ìdí ewé wò pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú níbẹ̀, kòkòrò tí ń fa omi ara ewé mu ni. Ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ nù ún kúrò, kí ẹ sì fi omi lásán ṣan ewé náà.

Àpọ̀jù omi ńkọ́? Òun gan-an ni ó ń pa ọjá ìkookò. Ẹ̀gbọ́n bu omi sí i láàárọ̀, àbúrò tún bu tirẹ̀ lálẹ́, kò sí ẹni tí ó bi ẹnì kejì. Gbòǹgbò a máa mí. Bí omi bá kún inú erùpẹ̀, kò ní rí afẹ́fẹ́, yóò sì jẹrà. Ewé yóò wá máa pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò rọ̀, ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé òùngbẹ ni, yóò sì tún bu omi sí i! Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ki ìka bọ inú erùpẹ̀. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ fi sílẹ̀. Ìdí ìkòkò náà gbọ́dọ̀ ní ihò tí omi yóò máa gbà jáde.

Ẹ máa da omi inú àwo tí ó wà lábẹ́ ìkòkò nù. Bí ẹ̀fọn bá yé ẹyin síbẹ̀, ẹyin náà yóò di tanwíji, tanwíji yóò sì di ẹ̀fọn láàárín bí ọjọ́ 7 sí 10.

Ìbéèrè
1. Kí ni eruku ń ṣe fún ewé?
2. Kí ni ó ń mú kí gbòǹgbò jẹrà?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìkòkò àti ìkookò?