Ilé Káráfáànù Etíkun: Ẹ Ka Ìwé Kẹ́ ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Bí ojú ọjọ́ bá ti móoru díẹ̀, tí ìdílé bá lọ ṣeré ní Skegness, Clacton tàbí Great Yarmouth, kì í pẹ́ tí wọ́n á fi rí pátákó pé ilé káráfáànù wà fún títà nínú ọgbà ìgbafẹ́. Wọ́n á wo yàrá méjì, wọ́n á wo ibi ìdáná, wọ́n á gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á, wọ́n á sì rí i pé kò sún mọ́ owó ilé rárá. Ẹni tó ti ń háyà ilé láti ọjọ́ tó ti dé á ní ọjọ́ ti dé tí òun náà á ní tòun. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ilẹ̀ tí káráfáànù yẹn dúró lé kì í ṣe tiyín, kò sì ní di tiyín. Àwọn tó ni ọgbà kàn yọ̀ǹda àyè fún yín fún iye ọdún kan ni. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà, bí ọdún náà bá pé, ẹ óò gbé e kúrò tàbí kẹ́ ẹ ra tuntun. Ká ní ẹnìkan rí àlòkù tó mọ́ tónítóní ní £18,000, tí kò béèrè pé ọdún mélòó ló kù lórí ìwé rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọdún márùn-ún ló kù, tí owó ilẹ̀ sì jẹ́ £5,000 lọ́dún, £43,000 ló ti ná yẹn, láìka iná, gáàsì àti ìbánigbófò. Ohun tó máa kù sí i lọ́wọ́ ni káráfáànù ogbó tí kò níbi tó máa gbé e sí.

Ẹ lọ o, ẹ ò lọ o, ẹ óò san owó ilẹ̀, ó sì máa ń lé sí i. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, ọ̀pọ̀ ọgbà ló máa gba tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó tẹ́ ẹ tà á, pẹ̀lú VAT. Nítorí náà, ẹ má fi owó ilé tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ sí Ìbàdàn rà á. Owó fàájì ni. Bẹ́ ẹ bá ní in, tẹ́ ẹ sì máa ń lọ dáadáa, ẹ gbádùn ara yín.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni tàwọn tó fẹ́ sá fún owó háyà, tí wọ́n kó kúrò nílé tí wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀. Òfin Mobile Homes Act ti 1983 tó ń dáàbò bo àwọn tó ń gbé ọgbà ibùgbé kò bo ẹni tó ní ìwé ìgbafẹ́ nìkan. Àwọn tó ni ọgbà á béèrè ẹ̀rí pé ẹ ní ilé míì tẹ́ ẹ̀ ń gbé, bí ìwé owó káńsù. Ọ̀pọ̀ ọgbà ló sì máa ń tì fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan nígbà òtútù. Níbo lẹ óò kó àwọn ọmọ lọ nínú oṣù kìíní?

Òtútù yẹn tún ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ óò ti omi pa níbi tó ti ń wọlé, ẹ óò ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi sílẹ̀, ẹ óò fa omi inú ẹ̀rọ amómigbóná gbẹ, ẹ óò sì da oògùn tí kì í jẹ́ kí omi dì sínú ihò ṣíǹkì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Omi díẹ̀ tó bá kù nínú páìpù á dì, á wú, á la páìpù náà. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ títí yìnyín á fi yọ́, tí omi á máa ya sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, tí pákó ilẹ̀ á sì jẹrà. Bẹ́ ẹ ò bá fa omi náà gbẹ, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò lè kọ̀ láti sanwó.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi káráfáànù náà háyà fún àlejò, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ọgbà gbà bẹ́ẹ̀. Òfin ní kí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní Gas Safe yẹ gáàsì rẹ̀ wò lọ́dọọdún.

Kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀, ẹ gba ìwé àdéhùn lọ sílé, kẹ́ ẹ gbé e fún lọ́yà tàbí Citizens Advice. Bí ẹni tó ń tà á bá ní àfi kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i lónìí, ẹ dìde, kẹ́ ẹ máa lọ.